Tanwíji Nínú Omi Àdúrà Ìyá Ìyàwó Mi

Ẹ bá mi gbọ́ nǹkan tójú mi rí nínú ilé ara mi ní Àgbowó níbí, nítorí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, mi ò tíì lè jókòó pẹ́ lójú kan.

Ẹni tó bá ti ń bá mi bọ̀ lórí ojú ìwé yìí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn ni fàájì mi. Èmi kì í ṣe dókítà o! Mo kàn máa ń kà nípa wọn, mo sì máa ń wò wọ́n títí ni. Àwọn ará àdúgbò ń pè mí ní Dókítà Ẹ̀fọn. Kò dùn mí. Èyí tó ń gbé inú gọ́tà máa ń tẹ́ ara rẹ̀ pẹrẹsẹ mọ́ ògiri. Èyí tó ní ìlà funfun lẹ́sẹ̀ ń jẹni lójú mọmọ. Èyí tó ń gbé ibà kiri ní tiẹ̀ máa ń dorí kodò, á gbédìí sókè bí ẹni tó fẹ́ ta òkìtì.

Èyí tó gbédìí sókè yẹn ni mo bá lára ògiri yàrá wa!

Oyún ìyàwó mi, Dúpẹ́, ti wọ oṣù keje. Ibà dá a dùbúlẹ̀, wọ́n tọ́jú rẹ̀ nílé ìwòsàn, ara rẹ̀ yá, kò pẹ́ ibà tún dé. Nọ́ọ̀sì kìlọ̀ fún wa pé ibà aboyún kì í ṣe ohun tí à ń fojú kékeré wò, ó lè ṣe ìyá, ó lè ṣe ọmọ. Ni ìyá rẹ̀, tó ti Àkúrẹ́ wá dúró tì í, bá là á mọ́lẹ̀ fún mi pé ilé yìí ò bá ọmọ òun lára mu. Tó bá di Sátidé, àwọn méjèèjì á wọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́, ibẹ̀ ló máa bímọ sí.

Àkúrẹ́ kẹ̀! Gbogbo ọ̀nà yẹn, pẹ̀lú ara tí kò tíì le? Iṣẹ́ mi ò sì ní jẹ́ kí n tẹ̀ lé wọn. Ṣé orí fóònù ni mo ti máa gbọ́ ẹkún àkọ́bí mi ni?

Mi ò lè sinmi mọ́. Mo yẹ gọ́tà wò. Mo lu ihò sí táyà àlòkù tó wà lẹ́yìn ilé. Mo gun tánkì lọ wo ọmọrí rẹ̀. Mo fi nẹ́ẹ̀tì di ẹnu páìpù sọ́kàwéè. Mo da omi abẹ́ ìkòkò òdòdó nù. Dúpẹ́ ń wò mí látojú fèrèsé, ó ní kí n jọ̀ọ́ jókòó, pé òòyì ti ń kọ́ òun. Ta ló fẹ́ jókòó!

Mi ò rí tanwíji kankan. Ẹ mọ tanwíji? Ọmọ ẹ̀fọn tó máa ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún nínú omi kó tó hu ìyẹ́. Ti ẹ̀fọn ibà kì í sábà fẹ́ omi gọ́tà. Omi tó mọ́, tó dúró jẹ́ẹ́, tí oòrùn ń rí, ni tiẹ̀. Omi tó mọ́ wo ló wá dúró jẹ́ẹ́ nílé wa?

Ìgbà yẹn lojú mi lọ sí igun ẹ̀yìnkùlé.

Ọmọ ìjọ Aládúrà ni Màmá, ìyá Dúpẹ́. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n ro igun kan lẹ́yìn fèrèsé yàrá wa, wọ́n da yanrìn funfun sí i, wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ pààlà yí i ká. Ilẹ̀ àdúrà nìyẹn. Wòólì wọn ní kí wọ́n gbé báàfù omi síbẹ̀ nítorí oyún Dúpẹ́, kí oòrùn máa rí i, kí ìrì máa sẹ̀ sí i, kí wọ́n má fi ọmọrí dé e. Láràárọ̀ ni wọ́n ń bu díẹ̀ fi pa Dúpẹ́ níkùn, wọ́n á sì bu omi mìíràn kún un. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ débẹ̀ àfi àwọn fúnra wọn. Èmi tí mo yẹ gbogbo ilé wò, ọ̀wọ̀ ìyá ìyàwó ni mo fi ń gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá bí ẹni tí kò rí nǹkan kan.

Kí n yọ́ débẹ̀ tí wọ́n bá lọ sọ́jà Bódìjà ńkọ́? Dúpẹ́ ní tí mo bá dán an wò, òun fúnra òun á di ẹrù òun.

Mo bá lọ bá wọn sọ ọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò mọ̀ ọ́n sọ rárá! Mo ń ṣàlàyé ẹyin, mo ń ṣàlàyé tanwíji, bí ẹni tó wà ní kíláàsì. Màmá wò mí látòkè délẹ̀.

"Ọkọ Dúpẹ́, omi àdúrà mi lo wá ń pè ní ilé ẹ̀fọn?"

"Ẹ má bínú, Mà. Mi ò..."

"Ìwọ tó ò ń bá gọ́tà ṣẹjọ́ látàárọ̀! Ẹjọ́ gọ́tà ti parí, ó wá kan Ọlọ́run?"

Dúpẹ́ bú sẹ́rìn-ín nínú yàrá. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo bọ́ bàtà, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́yìn imọ̀ ọ̀pẹ. Mo ní mi ò fẹ́ fọwọ́ kan omi náà. Mo bẹ̀ wọ́n kí àwọn fúnra wọn bu díẹ̀ sínú ìgò tó mọ́ gaara, kí wọ́n fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ so ẹnu rẹ̀, kí wọ́n gbé e sójú fèrèsé yàrá wọn. Bí ẹ̀fọn ò bá sí nínú rẹ̀ títí di Sátidé, èmi ni mo máa gbé ẹrù wọn lọ sí gáréèjì.

Wọ́n bù ú ṣá, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kí n sún mọ́ ọn.

Ẹ wo wàhálà! Tí tanwíji inú ìgò yẹn bá ṣì kéré jù, wọn ò ní hu ìyẹ́ kó tó di Sátidé. Mo débi iṣẹ́ ní Ring Road, mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo ń pe Dúpẹ́ ṣáá. Ó ní Màmá ti fa kọ́tìnì bo fèrèsé. Kí ni wọ́n ń bo fèrèsé sí?!

Sátidé dé. Báàgì wọn ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Mò ń wá bàtà mi kiri nígbà tí Màmá ké láti yàrá: "Ọkọ Dúpẹ́! Wá wo nǹkan!"

Wọ́n gbé ìgò náà sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ẹ̀fọn ń fò nínú rẹ̀. Ọ̀kan bà sára ìgò, ó gbédìí sókè téńté.

Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò ṣàlàyé ẹyin tàbí tanwíji kankan. Mo ti kọ́gbọ́n.

"Wòólì ní kí oòrùn rí i, kí ìrì sẹ̀ sí i," Màmá ló sọ bẹ́ẹ̀, ohùn wọn wálẹ̀. "Wọn ò ní kí ẹ̀fọn yé sí i." Wọ́n yíjú sí mi. "Nẹ́ẹ̀tì tó o fi di sọ́kàwéè, ṣé ó kù?"

"Ó kù, Mà."

"Èyí tí kò kan sọ́kàwéè rí o!"

"Tuntun ni, Mà."

Àwọn fúnra wọn ló da omi náà sórí yanrìn gbígbẹ, wọ́n fọ báàfù, wọ́n rọ omi mìíràn, wọ́n fa nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu rẹ̀ kó má sí àyè kankan. Èmi dúró lẹ́yìn imọ̀ ọ̀pẹ, mò ń na okùn sí wọn. Nígbà tí wọ́n dì í tán, wọ́n ní kí n lọ gbé báàgì yẹn kúrò lẹ́nu ọ̀nà, kí aboyún má lọ fẹsẹ̀ kọ ọ́.

Ẹ̀fọn ò tán ní Àgbowó o. Abẹ́ nẹ́ẹ̀tì la ṣì ń sùn, Dúpẹ́ ò sì pa ọjọ́ ilé ìwòsàn jẹ. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé ibi tí a bá ń bọ̀wọ̀ fún jù nínú ilé la kì í yẹ̀ wò, àti pé ẹni tó ni ibẹ̀ ló yẹ ká bẹ̀ kó fojú ara rẹ̀ wò ó.

Nílé tiyín ńkọ́? Ṣé àmù ìyá àgbà ni, àbí kẹ́tùlù àlùwàlá tí bàbá máa ń gbé sílẹ̀ lómi? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, ẹ sì sọ bí ẹ ṣe bá ẹni tó ni ín sọ̀rọ̀ tí kò fi dìjà!