Ojú Ẹ̀rọ Dúdú Nínú Bírò Funfun

Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn gààrí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò lórí iná, ọ̀dínátọ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà, ni mo máa ń rántí. Ẹni tí kò bá mọ̀ mí á ní nǹkan ti ṣe mí. Ṣùgbọ́n ní Sàkẹ́tẹ́, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Àjàṣẹ́, bírò tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, ọ́fíìsì tí a ti ń tẹ̀wé fáwọn èèyàn, fara ti ibi táwọn obìnrin ti ń yan gààrí. Èéfín wọn a bá wa wọlé, a ó máa tẹ̀wé, a ó máa wúkọ́. Bírò náà ò tóbi: ọ̀dínátọ̀ mélòó kan, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tó ń kùn bí arúgbó tí wọ́n jí lójú oorun, àti ẹ̀rọ fótókópì tí a ò gbọdọ̀ tàn pọ̀ mọ́ fáànù kí kúrán, iná mànàmáná, má baà lọ. Èmi ọmọ Pobẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Kútọnu dé ni. Mo mú ìwé-ẹ̀rí kan bọ̀, mo sì mú ìgbéraga tó tó ìlọ́po mẹ́ta ìwé-ẹ̀rí náà dání.

Ìyá Bírò ni gbogbo ayé ń pe ẹni tó ni ibẹ̀. Obìnrin tó lè rẹ́rìn-ín kí àjà mì ni, tó sì tún lè wò ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré kí o rántí gbogbo iṣẹ́ tí o ò tíì ṣe. Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun tó ṣẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ni. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ lágbègbè wa pé wọn kì í wọ pupa, wọn kì í sì í wọ dúdú. Kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Alhaji tó ń ta aṣọ lápá ọ̀tún wa ń kírun tirẹ̀, àwọn obìnrin onígààrí ń ṣe tiwọn, Ìyá Bírò ń ṣe tirẹ̀, a jọ ń jẹ àgbàdo sísun nírọ̀lẹ́. Àfi ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ àwọ̀ bọ́ sórí ọ̀dínátọ̀.

Kí n tó dé, oníkálukú ọmọṣẹ́ ló ń ṣe ẹ̀rọ tirẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ bó ṣe wù ú. Ọ̀kan fi òdòdó pupa kún ojú ẹ̀rọ débi pé o ò ní rí ohun tí ò ń wá. Ọ̀kan gbé àwòrán agbábọ́ọ̀lù síbẹ̀, ó wá to gbogbo àmì iṣẹ́, àwọn àwòrán kéékèèké tí a ń tẹ̀ láti ṣí iṣẹ́, yí orí ọkùnrin náà ká bí ẹni tó fún un ní adé. Ẹ̀kẹta gbé ọ̀pá tí àmì iṣẹ́ ń tò sí, tó yẹ kó wà nísàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ, lọ sókè, ẹ̀kẹrin tilẹ̀ fi tirẹ̀ pamọ́ pátápátá. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà lóòótọ́, àmọ́ ọjà tiwa yìí, ẹni tó wọ̀ ọ́ kì í mọ ibi tí yóò gbà jáde. Lọ́jọ́ kan, ọlọ́kadà kan, zẹ́mìjàn tó fẹ́ kọ ìwé ìwáṣẹ́, tẹ lẹ́tà rẹ̀ dé ìdajì lórí ẹ̀rọ kan. Wọ́n ní kó dìde lọ sórí òmíràn kí ẹni tó ń kánjú lè jókòó, àwọn sì ti gbé lẹ́tà náà lọ síbẹ̀ fún un. Ó jókòó, ó wò ó títí, kò rí nǹkan kan. Ló bá fariwo ta: "Olè o! Wọ́n ti jí lẹ́tà mi!" Àwọn onígààrí fi iná sílẹ̀, wọ́n gbé igi ìròkà wọn dání, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń béèrè ibi tí olè gbà. Olè kankan ò sí. Lẹ́tà wà níbẹ̀, abẹ́ agbábọ́ọ̀lù ló wà.

Ìyá Bírò ò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ó pè mí. "Ọmọ Kútọnu," orúkọ tó sọ mí nìyẹn, "ó tó gẹ́ẹ́. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹ̀rọ inú ilé yìí rí bákan náà. Kí ó funfun. Kí ẹni tó bá mọ ọ̀kan mọ gbogbo rẹ̀."

Inú mi dùn dé ọ̀run. Mo ti rí irú rẹ̀ ní bírò ńlá kan ní Kútọnu, níbi tí gbogbo ẹ̀rọ ti tò bí ọmọ iléèwé tó wọ kákí, mo sì ti ń lá a lálàá láti ìgbà náà. Mo sọ gbogbo ojú ẹ̀rọ di funfun, mo fi búlúù fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ sí etí wọn, mo to àwọn àmì iṣẹ́ sápá òsì lẹ́sẹẹsẹ. Nígbà tí mo parí, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo káwọ́ gbera, mo ń wò wọ́n bí ẹni tó kọ́ ilé alájà. Ìyá Bírò wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ó rìn láti orí ọ̀kan dé èkejì, ó ń mi orí, àfìgbà tó nàka sí igun òkè, síbi àmì tí a fi ń pa fèrèsé iṣẹ́ dé. "Pupa wo ló jókòó síbí yìí?" Mo ní bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, Màmá. Ó ní, "Àwọn ló ṣe é, èmi ni mo rà á." Mo sọ àmì pupa náà di funfun. Funfun lórí funfun, bẹ́ẹ̀ ló ṣe pòórá. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó lè pa ohunkóhun dé mọ́. Àwọn oníbàárà ń ṣí fèrèsé lórí fèrèsé, títí ẹ̀rọ fi dákú. Ẹ wo ọ̀mọ̀wé Kútọnu! Ìgbà tí mo kun àmì náà ní búlúù la tó rímú mí.

Kí n má purọ́, ètò náà dára. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ lórí ọ̀kan lè jókòó sórí èyíkéyìí. Àwọn ìyá tó ń wá tẹ ìwé ìkéde òkú kò bẹ̀rù ẹ̀rọ mọ́. Alhaji yọjú wọlé, ó ní bírò wa mọ́ bí òwúrọ̀ ọdún. Èmi gan-an ti gbà pé kò sí ohun tó kù láyé yìí tí mi ò tíì tún ṣe.

Bàbá kan wà tí a ń pè ní Mẹ́tìrì, torí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe olùkọ́ kó tó fẹ̀yìntì sí Ìta-Ìjẹ̀bú. Towé, láàárín àwọn Ohori, ni wọ́n bí i sí. Faransé ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ọmọ tó bá sì sọ èdè ilé ní kíláàsì á jẹgba. Nígbà tó darúgbó ló wá sọ pé òun fẹ́ fi èdè Ohori, Yorùbá ilé wọn, kọ ìtàn ìyá òun: bí obìnrin náà ṣe ń ro oko, bó ṣe ń bú àgbàdo tí kò bá tètè hù, bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Kò ní ìwé kankan tó ń wò kọ. Inú orí ló ti ń mú un, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn èkejì. Ṣùgbọ́n ojú ń lọ. Dókítà ní Àjàṣẹ́ ti sọ fún un pé èyí tó ti lọ nínú ìríran rẹ̀ kò ní padà, pé kí wọ́n kàn máa tọ́jú ìyókù. Ìdí nìyí tí ọmọṣẹ́ kan tó ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ kí n tó dé fi sọ ojú ẹ̀rọ kan ní kọ̀rọ̀ di dúdú fún un, tó fi lẹ́tà ńláńlá aláwọ̀ ìyeyè sí i. Dúdú yẹn nìkan ni kì í ta bàbá lójú. Mi ò mọ gbogbo èyí. Mo kàn rí ẹ̀rọ dúdú kan ní kọ̀rọ̀, mo sì fọ̀ ọ́ funfun pẹ̀lú àwọn yòókù.

Bàbá dé lọ́jọ́ ọjà. Ó jókòó, ó tan ẹ̀rọ, ó gbé ọwọ́ bo ojú bí ẹni tí wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí. Ó gbìyànjú, omi ń dà lójú rẹ̀. Ó bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Ọmọ mi, ta ló gbé oòrùn sínú ẹ̀rọ mi?" Ẹ̀rín kọ́kọ́ pa mí. Ìgbà tó ṣàlàyé fún mi ni ẹ̀rín náà gbẹ.

Mo lọ bá Ìyá Bírò. Mo rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ó ní rárá. Ó ní ọjọ́ tí òun ṣí bírò yìí, òun jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé kò ní sí ohun tí kò mọ́ tí yóò jókòó síbẹ̀, ibi tí òun sì ti rí àánú gbà nìyẹn lẹ́yìn ikú ọkọ òun. "Tí mo bá gba dúdú kan láyè, ọ̀la wọn á tún gbé agbábọ́ọ̀lù padà." Mo dín ìmọ́lẹ̀ kù, kò ràn án. Mo fi àwọ̀ eérú sí i, bàbá ní lẹ́tà ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Ó dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó gun zẹ́mìjàn lọ. Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, kò wá. Èyí tó tún tẹ̀lé ìyẹn, kò wá. Ó dùn mí wọra. Bírò mi lẹ́wà, àga kan sì ṣófo nínú rẹ̀.

Mo gbéra lọ sí Ìta-Ìjẹ̀bú. Mo bá a lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń sọ ìtàn náà sókè fún ara rẹ̀ kó má baà gbàgbé. Mo kí i, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ní sùúrù, màá rí i ṣe. Ó ní, "Èmi ní sùúrù o. Ojú mi ni kò ní." Ó wá mú ọ̀pá rẹ̀, ó ní ká lọ, òun fẹ́ bá Ìyá Bírò sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Nígbà tí a dé bírò, Ìyá Bírò kúnlẹ̀ kí i, ó gbé àga fún un, ó fún un lómi. Bàbá mu omi náà tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Ìyá Bírò, tí o bá ń gbàdúrà, o máa ń la ojú ni àbí o máa ń dì í?"

"Mo máa ń dì í, Bàbá."

"Tí o bá dì í, àwọ̀ wo lo máa ń rí?"

 Àwọn ọmọṣẹ́ dẹ́kun títẹ̀. Ìyá Bírò wo bàbá, ó wò mí, bóyá èmi ni mo kọ́ bàbá lọ́rọ̀. Lójijì ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, irú èyí tó ń mi àjà, ó ń fọwọ́ lu itan. "Háà! Mẹ́tìrì ti mú mi! Dúdú ni, Bàbá. Dúdú kirikiri." Bàbá ní, "Ibẹ̀ náà sì lo ti ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Jẹ́ kí n bá ìyá mi sọ̀rọ̀ níbẹ̀."

Ó gbà. Ṣùgbọ́n Ìyá Bírò kì í gbà láìfi tirẹ̀ sí i. Ó rán rídò funfun kan, aṣọ ìkélé, ó ta á yí kọ̀rọ̀ bàbá ká, kí dúdú máa jẹ́ dúdú nínú, kí bírò sì máa funfun lóde. Kò pẹ́ táwọn èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tó wà lẹ́yìn rídò. Ìyá onígààrí kan yọjú síbẹ̀, ó rí lẹ́tà ńláńlá, ó ní èyí ni òun fẹ́, àṣé lẹ́tà àwọn kòkòrò la ti ń fún òun látijọ́! Alhaji fẹ́ àwọ̀ ewé. Bí a bá fẹ́ máa fi rídò yí gbogbo wọn ká, bírò á di ilé ìwẹ̀. Mo wá ṣe é kí oníkálukú máa tẹ orúkọ rẹ̀ kó tó wọlé, kí ẹ̀rọ sì fi ojú tó bá a lára mu pàdé rẹ̀. Bó bá jáde, kó padà di funfun. Ìyá Bírò ní ọgbọ́n náà dára, pé ó dà bí ilé tí a gbá iwájú rẹ̀ mọ́, tí oníkálukú wá ní yàrá tirẹ̀.

Bàbá parí ìtàn náà kí òjò tó dé. A tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, mo kó o lé e lọ́wọ́. Ó gbé e súnmọ́ imú, ó gbé e jìnnà, ó fọwọ́ pa á. Funfun ìwé náà kò jẹ́ kó rí nǹkan kan.  Ìyá Bírò ló dìde, tòun ti aṣọ funfun ìsìn lọ́rùn rẹ̀, ó wọ ẹ̀yìn rídò, ó fa àga sún mọ́ bàbá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn náà fún un láti ojú ẹ̀rọ dúdú. Ó ń fi ohùn Sàkẹ́tẹ́ ka èdè Ohori. "Rárá o," bàbá á ní, "ìyá mi kò sọ ọ́ báyẹn," á sì sọ ọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń sọ ọ́. Ìyá Bírò á tún un kà. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn aṣọ náà, àwa tó wà níta gbàgbé iṣẹ́. Nígbà tó kan ibi tí ìyá náà ti ń bú àgbàdo, àwọn onígààrí ti kún ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń kígbe pé kó tún un kà.

Mo ti ní bírò tèmi ní Pobẹ̀ báyìí. Àwọn ẹ̀rọ tó ń dé lóde òní ti lẹ́wà ju èyí tí mo fi ọwọ́ ara mi tò lọ: ojú kan, àwọ̀ kan, ohun gbogbo wà níbi tí wọ́n ní kó wà, òmíràn kò tilẹ̀ ní jẹ́ kí o sún ọ̀pá ìsàlẹ̀ kúrò lójú kan. Àwọn ọmọṣẹ́ mi ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, n kì í sì í bá wọn jiyàn púpọ̀, torí mo mọ bó ṣe máa ń dùn mọ́ni láti káwọ́ gbera kí èèyàn máa wo ohun tó tò lẹ́sẹẹsẹ. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá jókòó tó ń fún ojú pọ̀, mo máa ń dìde lọ bi í bó ṣe fẹ́ kó rí, mo sì ń wá ọ̀nà rẹ̀ títí yóò fi rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà lókè òkun gbọ́n, mo gbà fún wọn. Wọn ò kàn mọ bàbá kan láti Towé ni. Èmi mọ̀ ọ́n.