Ẹ̀fọ́ Ṣọkọ Nínú Ọgbà Àńtí

Èmi ni mo ya gbogbo fọ́tò òdòdó tó wà nínú álíbọ́ọ̀mù Àńtí. Bí ẹ bá délé rẹ̀, tó bá gbé álíbọ́ọ̀mù náà lé yín lọ́wọ́, á sọ fún yín pé òun lòun yà wọ́n. Ẹ má bá a jiyàn. Òun ló ni kámẹ́rà, òun ló ni fíìmù, òun ló ni ọgbà. Díẹ̀ ló kù kí n sọ pé òun ló ni èmi náà nígbà yẹn, torí orúkọ ọkọ rẹ̀ ló wà lórí visa mi.

Àárín àwọn ọdún 1990 ni mò ń sọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni Àńtí. Ìyá mi ti kú kí n tó jáde níléèwé girama, èmi àti bàbá mi nìkan ló kù nílé ní Ṣàgámù. Mo kọ́ṣẹ́ fọ́tò fún ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó le bí ojú ẹja, mo sì ṣe fúrídọ̀ọ̀mù. Ọdún tí mo ṣe é ni Àńtí wá kí wa láti Dubai. Dubai ló máa ń pè é, àmọ́ Sharjah ni wọ́n ń gbé. Ó ní iṣẹ́ fọ́tò pọ̀ lọ́hùn-ún, pé kí bàbá mi jẹ́ kí òun mú mi lọ.

Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè títí ó fi fẹ̀yìn tì, ẹ̀fọ́ ló wá ń gbìn sẹ́yìn ilé wa. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi Àńtí.

"Ṣé kámẹ́rà ni yóò máa wà lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Kámẹ́rà ni."

Kò kúkú parọ́. Kámẹ́rà máa ń wà lọ́wọ́ mi láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, fún nǹkan bíi wákàtí kan. Ìyókù ọ̀sẹ̀, ìgbálẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi, àti áyọ́ọ̀nù, àti abọ́ tí mo ń fọ̀. Tí àlejò bá wá, "àbúrò mi" ni Àńtí ń pè mí. Lẹ́yìn náà á ní kí àbúrò òun lọ gbé tíì wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ya òdòdó ní Sharjah, torí mo mọ̀ ọ́n dáadáa, ó sì ń dùn mí títí dòní pé kò sẹ́ni tó bi mí rí. Èèyàn gbọ́dọ̀ ṣáájú oòrùn dé ìdí òdòdó. Tí oòrùn ibẹ̀ bá ti gòkè pẹ́nrẹ́n, á fọ gbogbo àwọ̀ dànù, pupa á ṣá bí aṣọ àlòkù. Lẹ́yìn náà, iyanrìn. Kò sí ewé tí iyanrìn aṣálẹ̀ ò bà lé, nítorí náà mo máa ń mú àkísà tútù, màá kúnlẹ̀, màá nu ewé lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń nu imú ọmọ. Màá wá gbé àwo fàdákà tí Àńtí fi ń gbé oúnjẹ fún àlejò, màá fi tan ìmọ́lẹ̀ sábẹ́ ewé, kí ibi tó ṣókùnkùn lè hàn. Gbogbo èyí kí Àńtí tó jí. Tó bá jí, á jáde nínú aṣọ ìwọ̀sùn, á tọ́ka sí èyí tó fẹ́ràn, á ní kí n yà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyẹn ló ń pè ní pé òun ń ya fọ́tò.

Ọgbà náà kò burú o. Ògiri gíga yí i ká, igi dongoyaro wà lẹ́nu géètì, òdòdó ẹlẹ́gùn-ún pupa gun ògiri kan láti òkè dé ilẹ̀. Ọkùnrin Pakistan kan ló ń tọ́jú rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ló máa ń gùn wá, a kì í sì í sọ̀rọ̀ ju "good" àti "shukran", ìyẹn o ṣeun, lọ. Nígbà tí ooru ọdún kan bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀, ó kó àwọn ọmọ ewéko wẹ́wẹ́ kan wá nínú páálí, ó tò wọ́n sábẹ́ fèrèsé pálọ̀. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi dá wọn mọ̀ látara ewé.

Ṣọkọ ni. Ṣọkọ yòkòtò, èyí tí bàbá mi ń gbìn sẹ́yìn ilé, tó fi ń bọ́ mi. Ẹ̀rín pa mí débi pé mo jókòó sílẹ̀. Mo sáré wọlé lọ sọ fún Àńtí pé ẹ̀fọ́ ti dé, pé a ò ní ra ẹ̀fọ́ inú yìnyín mọ́.

Àńtí ò rẹ́rìn-ín. "Celosia ni wọ́n ń pè é, please. Flower ni. Má jẹ́ kí n rí ọwọ́ ẹ níbẹ̀ o."

Mo wò ó. Ìlú kan náà la ti wá. Ẹ̀fọ́ yìí ni ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ dàgbà. Orúkọ ẹ̀fọ́ náà gan-an sọ pé ó máa ń mú ọkọ sanra, bẹ́ẹ̀ ọkọ Àńtí rù kan egungun. Ó wà lẹ́nu mi láti sọ ọ́, mo gbé e mì.

Fíìmù tí a ń lò nígbà náà, mẹ́rìndínlógójì ni fọ́tò tó ń gbà. Àmọ́ ẹni tó bá mọṣẹ́, tó fi fíìmù sínú kámẹ́rà níbi òjìji, tí kò jẹ́ kí orí rẹ̀ ṣòfò, á rí ẹyọ kan sí i yà nídìí rẹ̀. Ọ̀gá mi ní Ṣàgámù ló kọ́ mi. Àńtí ò mọ̀. Tí mẹ́rìndínlógójì rẹ̀ bá pé, á padà wọlé lọ sùn, ẹyọ kẹtàdínlógójì á sì di tèmi. Kámẹ́rà náà ní ohun kan tí wọ́n máa ń yí, tó máa ń dúró díẹ̀ kó tó ya fọ́tò fúnra rẹ̀. Màá gbé e lé orí ìjókòó ọgbà, màá sáré lọ dúró. Ará India tó ń fọ fọ́tò ní Rolla, láàárín ìlú Sharjah, mọ̀ mí, ó máa ń yọ ẹyọ yẹn sọ́tọ̀ fún mi láìbi mí léèrè.

Èyí tí mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí bàbá mi, ẹ̀gbẹ́ ṣọkọ ni mo dúró sí, ọwọ́ mi méjèèjì wà lẹ́yìn. Ó ti yọ òdòdó nígbà náà, ó pupa bí ahọ́n. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò pé: Bàámi, ilé tí mo gbà rèé, ọgbà mi rèé, iṣẹ́ fọ́tò ń lọ dáadáa. Àńtí máa ń rán mi sí ọjà Deira ní Dubai lóṣooṣù láti ra epo pupa àti irú, ibẹ̀ ni mo ti fi fọ́tò náà rán Alhája kan tó ń wá ra ọjà lọ sí Èkó. Ó ní ẹ̀gbọ́n kan ní Ṣàgámù tó lè bá mi gbé e dé ilé wa. Kí ló dé tí mo parọ́? Ojú ń tì mí ni. Ọkùnrin tó bèèrè bóyá kámẹ́rà ni yóò wà lọ́wọ́ mi, báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ̀wé sí i pé ìgbálẹ̀ ni?

Ìgbà tí Alhája tún padà wá, ó mú èsì dání. Ìwé bàbá mi kì í gùn. Ó ní òun rí fọ́tò, inú òun dùn, òun ti fi han àwọn ará ìjọ. Lẹ́yìn náà ló wá kọ ọ́ pé: "Ṣùgbọ́n ṣọkọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ ti gbó. Ó ti yọ òdòdó. Kí ló dé tí o ò já a? Ṣé ò ń jẹun?"

Iwájú ṣọ́ọ̀bù kan ní Deira ni mo ti kà á. Mo rò pé ó ti mọ̀. Ọmọ tí èmi jẹ́, tí mo bá lóko ṣọkọ, ṣé màá fi sílẹ̀ títí á fi gbó? Alhája ń kánjú, ó ní kí n tètè fún òun lésì, yalla. Mo kọ ọ́ lórí bébà tí wọ́n fi ń di ọjà pé, Bàámi, wọn kì í já a níbí. Òdòdó ni. Àwọn èèyàn ńlá ló ń gbìn ín síwájú ilé. Ọ̀rọ̀ Àńtí ló jáde látọwọ́ mi yẹn, kò sì yọ ẹyọ kan sílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ara mi ò ti balẹ̀. "Ṣé ò ń jẹun" yẹn ò kúrò létí mi. Mo ń jẹun o, mò ń jẹ ìyókù ìrẹsì. Àmọ́ tí mo bá ń nu ewé ṣọkọ láàárọ̀ Jímọ̀, itọ́ á kún ẹnu mi. Ọmọ ewé tútù ti ń yọ lábẹ́ òdòdó kọ̀ọ̀kan, ó ń dán, ó sì ń dùn mí.

Ní Jímọ̀ kan, lẹ́yìn tí mẹ́rìndínlógójì ti pé, Àńtí àti ọkọ rẹ̀ jáde lọ jẹun ní Dubai. Mo ní ẹyọ mi yóò jẹ́ èyí tí màá ti máa já ṣọkọ, kí bàbá mi lè rí i pé mò ń jẹun. Mo yí kámẹ́rà, mo sáré lọ bẹ̀rẹ̀, mo já ẹyọ kan, kámẹ́rà ya fọ́tò. Ó yẹ kí n dúró níbẹ̀. Ẹni tó bá ti já ṣọkọ rí mọ̀ pé ọwọ́ kì í dúró, àtàǹpàkò á kàn máa wá ibi tó rọ̀ lọ fúnra rẹ̀. Ìgbà tí mo fi máa gbójú sókè, mo ti dé ìparí ebè. Òdòdó Àńtí wà nílẹ̀, gbogbo rẹ̀, ẹ̀fọ́ sì kún aṣọ mi.

Ohun tó ti bàjẹ́ ti bàjẹ́. Mo wọ kíṣìnnì, mo bọ̀ ọ́, mo sè é pẹ̀lú irú àti epo tí mo rà ní Deira. Mo jẹ ẹ́ ní ìdúró lẹ́bàá sítóòfù, mo sì sunkún, torí ó dùn.

Àńtí ò dá nìkan dé. Ó kó ìyàwó àwọn ará ọ́fíìsì ọkọ rẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn, kí wọ́n wá mu tíì níwájú òdòdó. Mo gbọ́ tí ọ̀rọ̀ wọn dákẹ́ lójijì nínú ọgbà. Mo jáde. Àńtí wo mí látorí dé ẹsẹ̀, ó wá fi òyìnbó sọ fún wọn pé kí wọ́n má bínú, pé housemaid òun ni, pé kò mọ nǹkan kan. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni pé ohun tó ti ń pè mí nínú ọkàn rẹ̀ látọjọ́ yìí nìyẹn. Mo gbé tíì wá fún wọn.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó wọ kíṣìnnì. Ó ṣí ìkòkò. Ó dúró, ó ń gbóòórùn rẹ̀. Ó ní kí n ro ẹ̀bà. Mo rò ó. Àńtí jókòó sórí àga kíṣìnnì níbi tí kì í jókòó sí, ó fi ọwọ́ jẹ ṣọkọ náà, gbogbo rẹ̀, ó tún fi ìka nu ìdí ìkòkò. Ó fọ ọwọ́.

"Khalas, ó ti parí," ló wí. "Lọ kó ẹrù ẹ. Ọkọ mi máa cancel visa ẹ ní Saturday."

Mi ò bẹ̀ ẹ́. Inú ń bí mi ju kí n bẹ èèyàn lọ, ó ṣì ń bí mi. Fíìmù wà nínú àpò mi, mo gbé e lọ sí Rolla. Mo gba ẹyọ kẹtàdínlógójì, mo ní kí ará India náà tọ́jú ìyókù de dírẹ́bà Àńtí. Òdòdó ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn nìyẹn, wọ́n wà nínú álíbọ́ọ̀mù rẹ̀ títí dòní. Mo háyà bedspace, ibùsùn kan ṣoṣo nínú yàrá, ní Bur Dubai láàárín àwọn obìnrin mẹ́fà títí tíkẹ́ẹ̀tì mi fi jáde.

Bàbá mi ò mọ̀ pé mò ń bọ̀. Ó dì mọ́ mi, ó ní mo rù. Ó ní kí n tó jókòó, òun fẹ́ fi nǹkan hàn mí, ó sì mú mi lọ sẹ́yìn ilé. Ebè kan wà níbẹ̀ tó fi igi yí ká. Ṣọkọ ló wà nínú rẹ̀, ó ga dé àyà mi, òdòdó bò ó lórí. Ó ní látìgbà tí ìwé mi ti dé lòun ò ti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni já a, pé àwọn aládùúgbò ń fi òun ṣẹ̀fẹ̀, òun ò dá wọn lóhùn.

"Gbé kámẹ́rà rẹ wá, kí o yà á."

Mo gbé báàgì mi sílẹ̀.

"Kámẹ́rà ńkọ́?"

"Ti Àńtí ni, Bàámi."

"Ọgbà yẹn ńkọ́?"

"Ti Àńtí ni."

Kò bi mí nípa ilé. Mo yọ fọ́tò inú báàgì mi, mo fi lé e lọ́wọ́. Ó gbé e jìnnà sójú, ó wò mí nínú rẹ̀ níbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀fọ́ lọ́wọ́, ìró tí mo fi ń gbálẹ̀ nídìí mi. Ó dá a padà fún mi.

"O mọ ibi tí wọ́n ti ń já a," ló wí.

Ó yọ igi tó fi yí ebè náà ká, ó kó wọn jọ. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í já ṣọkọ náà láti ìpẹ̀kun kan dé ìpẹ̀kun kejì, òdòdó àti ewé. Èmi ni mo sè é. Ó ti gbó kọjá jíjẹ, ó le lẹ́nu bí okùn, kò sì sí iye irú tó lè mú un rọ̀. A jókòó, a kọjú síra wa, a ń jẹ ẹ́. Bàbá mi ò fi nǹkan kan sílẹ̀ nínú abọ́.