Orúkọ Màmá Burlington

Tí ẹ bá fẹ́ kí Hàbíbàt Akínrẹ̀mí gbàgbé oúnjẹ, ẹ sáà ti dárúkọ Lisbon fún un. Ọdún mẹ́rin ló ti ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kékeré kan ní Toronto tó máa ń kó àwọn ènìyàn lọ wo ìlú náà, òun fúnra rẹ̀ kò sì dé ibẹ̀ rí. Síbẹ̀, ó mọ òkè tó ń múni mí hẹlẹhẹlẹ níbẹ̀, ó mọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta kéèkì ẹlẹ́yin. Inú subway, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ló ti ń kọ́ gbogbo rẹ̀ bó bá ń lọ síbi iṣẹ́.

Ní oṣù karùn-ún, ọ̀gá rẹ̀, Zakariyya ọmọ Ìlọrin, sọ fún un pé Hàbíbàt gan-an ni yóò kó ẹgbẹ́ àwa tí a ti fẹ̀yìn tì lọ sí Lisbon. Àwa mẹ́tàlá ni. Ṣùgbọ́n ó ní láti kọ́kọ́ mú wa rìn yí ká Toronto fún ọjọ́ kan, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ wa á gbé e, kí ọ̀gá sì wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ náà. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá sọnù, ẹlòmíì ni yóò kó wa lọ dípò rẹ̀.

Ẹ wo ayọ̀ lójú ọmọ yẹn láàárọ̀ Sátidé! Ó gbé agboòrùn pupa sókè, ó ń sáré síwájú, ó ń sáré sẹ́yìn. "Ẹ jẹ́ ká ṣe bíi pé Lisbon la wà o!" Inú tèmi náà ń dùn débi pé orúnkún mi gbàgbé láti dùn mí.

Òfin wọn ni pé kí atọ́nà pe orúkọ oníkálukú láti inú ìwé orúkọ àwọn tó ń lọ sí Lisbon kí wọ́n tó kúrò níbikíbi. Hàbíbàt wo ìwé, ó wo irun funfun orí wa, ẹnu rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa, báwo ni yóò ṣe máa pe ẹni àádọ́rin ọdún lórúkọ? Ló bá ń fi ìlú tí a ń gbé pè wá.

"Bàbá Newmarket!" Èmi nìyẹn.

"Màmá Burlington!"

"Yes, my dear!"

Bí a ṣe wọ subway ní ibùdókọ̀ King nìyẹn. Ìgbà tí a sọ̀ ní Union, ibùdókọ̀ tó tẹ̀ lé e, ló tó yé e pé Màmá Burlington méjì la ní, ọ̀kan péré ló sì wà pẹ̀lú wa. Ojú rẹ̀ wálẹ̀. Ọ̀gá, tó ti ń tẹ̀ lé wa láti àárọ̀, wo aago ọwọ́ rẹ̀. Inú bí mi sí gbogbo wa, àgbà méjìlá tí kò sẹ́ni tó bojú wẹ̀yìn!

Hàbíbàt sáré padà sí King, mo tẹ̀ lé e. Ó pariwo "Màmá Burlington!" títí, kò sẹ́ni tó dáhùn. Òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀ kan bèèrè orúkọ ẹni tí a ń wá. Hàbíbàt kúnlẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì, ó wá figbe ta:

"Ọlárónkẹ́ Mákindé o!"

"Mo ń bọ̀ o!" Ìyá náà dìde lórí bẹ́ǹṣì lọ́hùn-ún. "Mo ṣe bí ìkejì mi lẹ̀ ń pè ni."

"Ẹ má bínú pé mo pè yín lórúkọ, Mà."

"Bínú kẹ̀? Látìgbà tí ọkọ mi, Bàbá Ẹ̀ríolúwa, ti kú, kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Pè mí lẹ́ẹ̀kan sí i, jọ̀ọ́."

Hàbíbàt pè é. Ìyá ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ní Union, Hàbíbàt sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ọ̀gá láìfi ọ̀kan pa mọ́. Ó wá kúnlẹ̀ fún gbogbo wa, ó ṣí ìwé, ó sì pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan. À ń dáhùn bí ọmọ iléèwé. Èmi pariwo débi pé eyín àtọwọ́dá mi fẹ́ fò jáde!

Zakariyya gba ìwé náà, ó fi bírò kọ nǹkan sísàlẹ̀, ó dá a padà.

"O ò tíì pè é tán."

Hàbíbàt wo ìsàlẹ̀ ìwé. Ó ka orúkọ tó bá níbẹ̀ sókè: "Hàbíbàt Akínrẹ̀mí."

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá la bá a dáhùn: "Ó wà ńbí!"