Mojí Nínú Ẹgbẹ́ Àdúrà Wa

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó sí bánkì kan ní Festac, mò ń retí kí wọ́n pe nọ́ńbà mi, ni ìyá àgbàlagbà kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bá mú agolo róòbù kékeré jáde nínú báàgì rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ra orúnkún. Òórùn náà lọ tààrà sí ọ̀fun mi. Wọ́n pe nọ́ńbà mi, mi ò gbọ́. Ẹlòmíràn ló dìde lọ gba ààyè mi. Mo ti padà di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, mo jókòó sórí bẹ́ńṣì onígi pẹ̀lú Mojísọ́lá ọ̀rẹ́ mi, tí ara rẹ̀ máa ń ní òórùn róòbù bẹ́ẹ̀ ní gbogbo àárọ̀ tí òjò bá rọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń dé Festac nísinsìnyí, tí ẹ ń rí ṣọ́ọ̀bù níwájú gbogbo ilé, ẹ ò lè mọ bó ṣe rí nígbà tiwa, ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun yìí. Ó ti ń bàjẹ́ nígbà náà o, mi ò ní purọ́ fún yín. Omi ẹ̀rọ ti gbẹ nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé, a sì máa ń gbé kẹ́ẹ̀gì kiri kí a tó lọ sílé ìwé. Ṣùgbọ́n igi ṣì wà lẹ́bàá títì, àwọn òbí wa tí wọ́n jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ sì máa ń fi yangàn pé ìbò ni àwọn fi rí ilé àwọn gbà, bíi pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló fa bébà náà yọ fún wọn. Nọ́ńbà ni gbogbo nǹkan níbẹ̀: nọ́ńbà áfẹ́níù, nọ́ńbà títì, nọ́ńbà ilé. Bàbá mi máa ń ka tiwa fún àlejò bí ẹni ń ki oríkì.

Fúláàtì àwọn Mojí kò jìnnà sí tiwa. Bàbá rẹ̀ ti bá iṣẹ́ lọ sí Àbújá, ọdún Kérésìmesì àti ọdún Àjíǹde nìkan la máa ń rí i. Ìyá rẹ̀, Màmá Mojí, jẹ́ atẹ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba kan tí ó dà bí ẹni pé wọ́n gbàgbé sí Èkó nígbà tí àwọn yòókù kó lọ. Mojí nìkan ni wọ́n bí. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, ìyẹn àìsàn tí àwọn àgbà ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹyinjú rẹ̀ sì máa ń pọ́n, débi pé àwọn ọmọ kíláàsì wa sọ ọ́ ní Àtùpà. Ó ní òun fara mọ́ ọn, torí pé bí wọ́n bá pe òun ní gílóòbù, òun ò ní tàn ní Festac láéláé. Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ìgò omi kan kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, torí pé dókítà ti sọ fún un pé kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ ẹ́, oògùn rẹ̀ sì wà nínú ọ̀rá kékeré nínú àpò ìwé rẹ̀.

Ilé ìwé ìjọba ni tiwa, tọmọ Kìrìsìtẹ́nì tọmọ Mùsùlùmí la jọ wà níbẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, nígbà ìsinmi gígùn, àwa ẹgbẹ́ àdúrà á gba kíláàsì kan lẹ́bàá ògiri ẹ̀yìn, ẹgbẹ́ àwọn Mùsùlùmí á gba yàrá tí wọ́n kó àwọn ẹ̀rọ ìránṣọ tó ti bàjẹ́ sí. Rùkáyátù, tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ tiwọn, ló jókòó níwájú èmi àti Mojí. Á yá mi ní rúlà láàárọ̀, á lọ sí ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́sàn-án, a ó sì jọ rìn títí dé ọ̀nà Alákijà nírọ̀lẹ́. Kò sẹ́ni tó rò pé ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìyẹn.

Èmi ni mo mú Mojí lọ sí ẹgbẹ́ àdúrà.

Bọ̀dá Tìmótì ni ààrẹ wa. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ó ń múra ìdánwò àṣejáde, táì bàbá rẹ̀ ló sì máa ń wọ̀, tó gùn dé ìsàlẹ̀ bẹ́líìtì. Títì ẹ̀yìn ilé wa ni wọ́n ń gbé, ṣùgbọ́n tó bá ti di ọjọ́ Ẹtì, ohùn rẹ̀ á yí padà, á wá dà bíi ti àwọn pásítọ̀ inú kásẹ́ẹ̀tì. Olùkọ́ obìnrin kan ni wọ́n yàn pé kó máa jókòó tì wá. Ìyá náà á wá lóòótọ́, á bọwọ́ lu ìwé pé òun wá, á sì padà sí yàrá àwọn olùkọ́.

Mi ò lè sọ fún yín pé ẹgbẹ́ yẹn burú. Láàárọ̀ nígbà ìtòlọ́wọ̀ọ́wọ́, Mojí kì í lè dúró pẹ́ nínú oòrùn, wọ́n á sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nínú ẹgbẹ́ àdúrà, àga olùkọ́ ni wọ́n gbé kalẹ̀ fún un kó jókòó dá orin. Ohùn rẹ̀ ga, ó mọ́, tó bá ti gbé e, gbogbo wa á dákẹ́ kó tó di pé a gbè é. Ibẹ̀ nìkan ni kò sẹ́ni tó ń pè é ní Àtùpà.

Nígbà tí ìdánwò sún mọ́lé, Bọ̀dá Tìmótì kéde ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, láìfẹnu kan oúnjẹ tàbí omi títí di ìrọ̀lẹ́. Ó ní kí àwọn tó ń ṣàìsàn dìde. Mojí dìde.

"Ṣé ẹ gbà gbọ́?" Bọ̀dá Tìmótì bi wọ́n.

Wọ́n ní àwọn gbà gbọ́.

"Kí lẹ wá ń fi oògùn ṣe? Ṣé Ọlọ́run àti kẹ́míìsì ni yóò jọ pín ògo ni?"

A ṣe àmín. Èmi náà ṣe é, mo sì ṣe é sókè.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Mojí mú ọ̀rá oògùn rẹ̀, ó jù ú sínú garawa ìdalẹ̀nù kíláàsì wa, ó sì fi èèpo ọsàn bò ó. Ó rí i pé mo ń wo òun.

"Má sọ fún Màmá mi o," ó ní.

"Omi ńkọ́?"

"Ọjọ́ mẹ́ta péré ni. Ṣé o ò fẹ́ kí n gbádùn ni?"

Mo fẹ́ kó gbádùn. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ohun kan tún wà tí mi ò tíì sọ rí: lọ́jọ́ kejì, mo sáré dé ilé nígbà ìsinmi, mo jẹ búrẹ́dì, mo mu omi ife méjì, mo nu ẹnu mi, mo sì padà wá jókòó ti Mojí tí ètè rẹ̀ ti gbẹ. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ó rò pé a jọ ń jìyà rẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ kẹta, nínú kíláàsì ìṣirò, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ó mú róòbù jáde, ó ń fi ra orúnkún. Nígbà tó yá, kò lè jókòó mọ́, ó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ńṣì, ó ń sunkún jẹ́jẹ́. Rùkáyátù sáré lọ bu omi wá. Mojí di ẹnu rẹ̀ pinpin.

"Mojí, jọ̀ọ́, mu omi," Rùkáyátù ń bẹ̀ ẹ́. Ó wá yíjú sí mi. "Ọ̀rẹ́ ẹ ni. Sọ fún un kó mu omi. Tìẹ ló máa gbọ́."

Mo wo ẹnu ọ̀nà. Bọ̀dá Tìmótì ti dé síbẹ̀, ó ń gbàdúrà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á mọ̀ pé ìgbàgbọ́ mi ò tó, wọ́n sì lè mọ̀ nípa búrẹ́dì náà. Mo dákẹ́. Olùkọ́ ìṣirò ló gbé e sínú mọ́tò rẹ̀ lọ sí ọsibítù. Mojí kú láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí wọ́n tó jáde ṣọ́ọ̀ṣì.

Màmá Mojí pè mí sínú yàrá nígbà tí a lọ kí i. Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú.

"Ẹ̀yin lẹ jọ máa ń wà. Ṣé o mọ̀ pé ó da oògùn rẹ̀ nù?"

"Rárá, mà."

"Mo mọ̀," ó ní. "Ká ní o mọ̀ ni, wàá ti sọ fún mi."

Ó sì gbá mi mọ́ra. Títí di òní, mi ò fẹ́ràn kí èèyàn gbá mi mọ́ra.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ náà dé etí àwọn òbí, ìpàdé òbí àti olùkọ́ gbóná. Bàbá kan ní kí wọ́n lé gbogbo ẹgbẹ́ ẹ̀sìn kúrò nílé ìwé, ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà kó lọ sílé tàbí ilé ìjọsìn. Ìyá kan dìde, ó ní bí wọ́n bá lé wọn, ẹgbẹ́ òkùnkùn ni yóò gba ipò wọn. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ, wọ́n sì ń pariwo mọ́ ara wọn. Ìgbà náà ni Màmá Mojí dìde nínú aṣọ dúdú rẹ̀.

"Nǹkan kan péré ni mo fẹ́ mọ̀," ó ní. "Nígbà tí ọmọ yẹn ń sọ fún ọmọ mi pé kó ju oògùn nù, àgbàlagbà wo ló wà níbẹ̀?"

Olùkọ́ tó máa ń bọwọ́ lùwé jókòó sí ọwọ́ ẹ̀yìn. Ó ń wo ilẹ̀. Wọ́n bọ́ sí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Pìrìnsípà fòfin de ẹgbẹ́ méjèèjì. Rùkáyátù bi mí pé, "Kí ni tiwa ṣe?" Láti ọjọ́ náà, ó ń dá lọ sí Alákijà. Kí táàmù kan tó parí, lẹ́tà ti ń wọlé láti ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, wọ́n gbé pìrìnsípà lọ sílé ìwé mìíràn, ẹgbẹ́ méjèèjì sì padà. Orúkọ tiwa di Ẹgbẹ́ Ìwà Rere. Kíláàsì kan náà ni, lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan náà. Olùkọ́ mìíràn ló ń wá bọwọ́ lu ìwé. Bọ̀dá Tìmótì yege ìdánwò rẹ̀ dáadáa, àwọn kan sì ń sọ pé ààwẹ̀ yẹn ló ṣiṣẹ́.

Màmá Mojí kó lọ sí Ijegun-Egba. Mo máa ń sọ pé màá lọ wò ó. Mi ò lọ. Nígbà tí mo fi máa béèrè rẹ̀, wọ́n ní ó ti kú. Mo tún pàdé Tìmótì níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Satellite Town. Ó ti di olùṣọ́àgùntàn, ó sì ti sanra. Mo dárúkọ Mojí fún un. Ó ronú, ó ní, "Mojí wo nìyẹn, sisítà mi?" Mo wo ojú rẹ̀ dáadáa, kì í ṣe pé ó ń díbọ́n. Ọmọdé lòun náà nígbà yẹn.

Wọ́n ti kun ilé ìwé wa lọ́dà tuntun. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ní fóònù, wọ́n gbọ́n jù wá lọ. Àwọn àgbà ṣì ń jiyàn ọ̀rọ̀ náà bákan náà: kí wọ́n gba ẹgbẹ́ ẹ̀sìn láyè, kí wọ́n má gbà á. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ń sọ ọ́ lórí rédíò, àwọn èèyàn ń pè wọlé, olúkúlùkù ń sọ tirẹ̀ bí ẹni tó dá a lójú. Mo pè. Mo dúró lórí ìlà fún ìgbà pípẹ́, mo ń to ohun tí mo fẹ́ sọ. Nígbà tó kàn mí, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ náà ní, "Ẹ káàárọ̀ mà, a ń gbọ́ yín. Kí lorúkọ yín, kí lẹ sì mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí?"

Mo pa fóònù náà.