Olorì Tí Bàbá Mi Kò Fẹ́ Kó Kú

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí a ń gbé ní Ìpọ̀nrí, ilé wa nìkan ni mo mọ̀ ní gbogbo àdúgbò tí wọ́n ti máa ń jiyàn lórí eré tí òyìnbó méjì ta ní ìlú tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò dé rí. Eré ṣẹ́ẹ̀sì ni mò ń sọ. Ẹ̀yin ọmọ òde òní lè rò pé mò ń parọ́, torí kò sí fóònù lápò ẹnikẹ́ni nígbà náà, tẹlifíṣọ̀n wa kì í sì í sọ̀rọ̀ ṣẹ́ẹ̀sì. Ẹ fara balẹ̀, ó máa yé yín.

Bàbá mi jẹ́ akọ̀wé ní iléeṣẹ́ òyìnbó kan ní Ìgànmú. Ọ̀gá rẹ̀ máa ń gba ìwé ìròyìn láti òkè òkun, tó bá ti kà á tán, á jù ú sórí tábìlì. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti máa ń tẹ eré tí àwọn ọ̀gá ṣẹ́ẹ̀sì lágbàáyé, àwọn tí wọ́n ń pè ní gíráńmásítà, ta níbi ìdíje wọn. Bàbá mi á kà á lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, á há a sórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, á sì gbé e wálé fún wa bí ẹni tó ra búrẹ́dì bọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, á tẹ́ pátákó ṣẹ́ẹ̀sì tó fọwọ́ ara rẹ̀ kùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè. Tó bá kan ọ̀gá tí a fẹ́ràn láti ta, á dúró, á wò wá lójú, á ní, "Kí ló ta?" Oníkálùkù á sọ tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ló máa ń gbà á jù. Èmi àbúrò rẹ̀ tó fi ọdún mẹ́ta jù náà máa ń gbà á lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá àgbà kan tó ń gbé yàrá ìsàlẹ̀ máa ń gòkè wá bá wa jókòó. Ọ̀ta, ìyẹn ẹni tó mọ̀ ọ́n ta jù, ni nínú ayò ọlọ́pọ́n, ojú ayò ló sì fi ń wo ohun gbogbo. Bí gíráńmásítà bá ṣì í ta, igbe tó máa ta ni, "Òpè! Kò mọ̀ ọ́n ta!" Bàbá mi á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣẹ́ẹ̀sì kì í ṣe ayò. Wọn kì í pariwo nídìí rẹ̀." Kò ní pẹ́, bàbá náà á tún bẹ̀rẹ̀.

Onísùúrù la sọ ọ̀gá tí a fẹ́ràn jù, torí orúkọ rẹ̀ gan-an há wa lẹ́nu. Ìwà rẹ̀ kan ń dun bàbá mi. Olorì ló lágbára jù nínú ṣẹ́ẹ̀sì, ṣùgbọ́n Onísùúrù kì í jẹ́ kí olorì pẹ́ lórí pátákó. Á fi tirẹ̀ pa ti ẹnìkejì, ẹnìkejì á pa tirẹ̀ padà, nígbà tí ilẹ̀ bá wá rọ̀ tán, á máa fún onítọ̀hún lọ́rùn díẹ̀díẹ̀. Bàbá mi kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé. Bí òun àti ẹ̀gbọ́n mi bá ń ta, ó lè pàdánù gbogbo ogun rẹ̀ nítorí kí olorì má kú. Màmá mi, tó ń ta aṣọ ní Tejúoṣó, tí kò sì mọ ẹṣin yàtọ̀ sí bíṣọ́ọ̀bù, á rẹ́rìn-ín: "Ẹ fi bàbá yín sílẹ̀ o. Wọ́n mọ ẹni tó ń se ọbẹ̀ fún wọn."

Ó di ọdún kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá òṣìṣẹ́ dúró káàkiri Èkó. A ó jí láàárọ̀, a ó gbọ́ pé ó ti kan bàbá lágbájá. Ní ìrọ̀lẹ́, bí bàbá mi bá ti ń bọ́ bàtà, màmá mi á bi í pé, "Ṣé kò kàn yín?" Á ní, "Kò kàn mí." Ìdáhùn yẹn ni màmá mi gbójú lé tó fi gba ìsọ̀ tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ iṣẹ́ kan, àwọn olùkọ́ wa kó wa lọ sí pápá ìṣeré ní Sùúrùlérè láti lọ múra eré ìje sílẹ̀. Lábẹ́ igi kan nítòsí ẹnu ọ̀nà, mo rí bàbá mi. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó so táì mọ́rùn, báàgì rẹ̀ wà lórí orúnkún. Àwọn ọkùnrin mìíràn tó múra bíi tirẹ̀ jókòó lọ́tùn-ún lósì rẹ̀, kò sí ẹni tó ń bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀. Kò rí mi. Ọmọdé ni mí, àmọ́ mo mọ ohun tí mo rí. Mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ẹnu mi ló yẹ kí màmá mi ti gbọ́ ọ.

Láti ọjọ́ náà ni ọjọ́ Àìkú ti ń bà mí lẹ́rù. Kò sí ìwé ìròyìn ọ̀gá mọ́, síbẹ̀ bàbá mi ṣì ń tẹ́ pátákó, ó ṣì ń ròyìn ìdíje fún wa. Mo tẹjú mọ́ eré náà títí ó fi yé mi: olorì Onísùúrù kò kú mọ́. Ọ̀sẹ̀ yìí, ó sá. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún sá. Bàbá mi ló ń dá eré náà ta nínú orí ara rẹ̀, tọ̀tún tòsì, kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa má bàa mọ̀ pé nǹkan ti yí padà.

Bàbá ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ náà, láìmọ̀. "Akọ̀wé, ṣé ìwọ lò ń kọ́ òyìnbó yìí ni? Ó ti ń ta bíi tìẹ. Àbí òun náà ti gbéyàwó?"

Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín màmá mi, tó ń ká aṣọ lẹ́nu ọ̀nà, ló lọ sókè jù. Àwọn olorì méjèèjì ti kojú ara wọn. Bàbá mi gbé ọwọ́ lé ti Onísùúrù, ó ní, "Ó sá sẹ́yìn."

"Kò lè sá, Bàbá," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Kò ṣàfojúdi o. Ó fẹ́ràn eré náà ni. "Onísùúrù tí mo mọ̀ á pa á. Bóyá wọ́n ṣì í tẹ̀. Ẹ bá mi mú ìwé ìròyìn náà bọ̀ lọ́la kí n wò ó."

Mo ní, "Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká máa bá eré lọ, ẹ jọ̀ọ́."

"Ìwọ, kí lo mọ̀?"

Màmá mi dá sí i: "Ẹ kúkú mú un bọ̀ fún un, Bàbá ọmọ mi, ká lè sinmi. Ṣebí orí tábìlì ọ̀gá yín ló wà?"

Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló kọ́ wa lófin pé ẹyọ tí o bá ti fọwọ́ kàn, òun lo gbọ́dọ̀ ta. Kò sí pé mo ṣì í. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí olorì. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó yá, ó gbé e, ó fi pa olorì kejì, ó sì dúró de ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi rọra pa á padà. Olorì méjèèjì wá dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó.

"Kò sí ìwé ìròyìn," ni bàbá mi wí. Kò gbójú sókè. "Wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ti pẹ́."

Bàbá ìsàlẹ̀ dìde, ó fọwọ́ kan èjìká bàbá mi, ó sọ̀ kalẹ̀ láì wọ bàtà rẹ̀. Màmá mi ká aṣọ ọwọ́ rẹ̀ tán, ó tò ó lé àwọn yòókù.

"Ojoojúmọ́ ni mo bi yín, Bàbá ọmọ mi. Ojoojúmọ́."

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Ní ọjọ́ Ajé, bàbá mi ru ẹrù aṣọ tẹ̀ lé e lọ sí Tejúoṣó. Wọ́n dá ìsọ̀ ńlá náà padà, wọ́n jọ ń tajà nínú èyí tó kéré. Ó mọ ọjà tà, ṣùgbọ́n ó pẹ́ gan-an kí àwọn méjèèjì tó tún ní ọ̀rọ̀ kan tí kì í ṣe ti aṣọ. Pátákó ṣẹ́ẹ̀sì gun orí kọ́bọ́ọ̀dù, a kò sì gbọ́ ìròyìn Onísùúrù mọ́. Títí di òní, ẹ̀gbọ́n mi gbà pé òun ló tú ilé náà. Mo ti sọ fún un lọ́pọ̀ ìgbà pé kì í ṣe òun. Kò gbọ́.

Ayé ti wá yàtọ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń tẹ̀ lé àwọn gíráńmásítà lórí fóònù. Bí ọ̀kan bá fọwọ́ kan ẹyọ lókè òkun, ọmọ náà ti rí i ní Yábàá kí onítọ̀hún tó gbọ́wọ́ kúrò, ẹ̀rọ á sì ti sọ ẹni tó máa borí. Kò sí bàbá tó lè dá eré ta fún ọmọ rẹ̀ mọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àwa la dúró de ìròyìn eré kan fún odidi ọ̀sẹ̀, n kò sì ní sọ pé ó sàn ju tiyín lọ.

Àmọ́ ọmọ náà bi mí lẹ́nu àìpẹ́ yìí: "Àǹtí, kí ló dé tí Dádì máa ń lọ mu omi nígbàkigbà tí wọ́n bá ti fẹ́ fi olorì pa olorì?" Mo ní kó wo eré rẹ̀. Èmi náà kì í wo pátákó lásìkò yẹn. Ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń wò, bí ẹni pé màmá mi ṣì ń ká aṣọ níbẹ̀.