Ìlà Tó Jó fún Ìyá Onísẹ́lótéèpù

Oṣù méje ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi ń fi sẹ́lótéèpù bó èédú inú pẹ́ńsùlù, ní yàrá ìwádìí wọn, títí yóò fi fẹ́lẹ́ kọjá ohun tójú lè rí. Òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á gé e bí òrùka. Iná mànàmáná á gba apá méjèèjì òrùka náà, á pàdé ara rẹ̀ bí ìgbì omi; bí wọ́n bá sì ń yí agbára mágínẹ́ẹ̀tì, ìlà orí ẹ̀rọ tó ń wọn iná á jó. Àná ni àkókò wọn parí; bí kò bá jó, ẹlòmíràn ló ń gba ẹ̀rọ. Mo gbàdúrà, bí mi ò tiẹ̀ mọ ẹni tó ń gbọ́ mọ́.

Ìlà jó.

“Ẹ̀rọ ló ń gbọ̀n,” ọ̀gá wọn wí. “Ẹ tún yí agbára mágínẹ́ẹ̀tì láti ìbẹ̀rẹ̀.”

Ìgbì kan náà tún yọ, gẹ́lẹ́. Ni ẹ̀gbọ́n mi bá bẹ́ sí ijó, ìlà sì fò gìjà.

Ọ̀gá ní, “Ìyá Onísẹ́lótéèpù, ẹ rọra. Ẹsẹ̀ yín la ń wọ̀n báyìí.”

Ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù: “Àdúrà ẹ gbà o.” Mo gbà á gbọ́, ó kéré tán, títí di ìrọ̀lẹ́ tí iyèméjì mi tún padà dé.