Ọjọ́ Tí Wọ́n Hú Ejìnrìn Wa Dànù

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí láàárọ̀ ọjọ́ náà ni wáyà. Wáyà ọgbà lásán, ó mọ́ tónítóní láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwọn páànù pẹlẹbẹ kéékèèké tí mo fọwọ́ ara mi kọ nọ́ńbà sí sì ń mì lára rẹ̀ bíi yẹtí. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, ejìnrìn ló bo wáyà yẹn. Mo lanu, n kò lè pa á dé. Mo bojú wẹ̀yìn, bóyá oko ẹlòmíràn ni mo ṣì wọ̀.

Iṣẹ́ mi ni láti máa tọ́jú oko ìwádìí níbí ní Ilé-Ifẹ̀, ó sì ti lé lógún ọdún tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀gá mi nígbà náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n kan, obìnrin kúkúrú tí kì í pariwo. Ejìnrìn ló ń ṣèwádìí lé lórí: bí a ṣe lè gbìn ín, bí a ṣe lè sá a kí agbára rẹ̀ má baà lọ, àti ohun tó ń ṣe sí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, mo rẹ́rìn-ín. Ta ló ń gbin ejìnrìn? Ejìnrìn tó ń hù fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ilé wa ní Ìlàrè, tí ìyá mi fi ń wẹ̀ wá tí ara bá ń yún wa!

Ọ̀jọ̀gbọ́n kò bínú. Ó ní kí n gé èso méjì wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kí n sá ọ̀kan sóòrùn, kí n sá èkejì síbòòji. Nígbà tí wọ́n gbẹ, tí mo gún wọn kúnná, ó ní kí n tọ́ wọn wò. Èyí tí mo sá sóòrùn korò níwọ̀nba. Èyí tó gbẹ níbòòji fẹ́rẹ̀ẹ́ já ahọ́n mi.

"Ṣé ẹ ti rí i pé iṣẹ́ wà níbẹ̀?" Ohun tó sọ kò ju ìyẹn lọ. N kò tún rẹ́rìn-ín mọ́.

Nínú gbogbo oríṣi tí a gbìn mọ́ wáyà náà, nọ́ńbà keje ni ààyò. Àgbẹ̀ àgbà kan ní Ìpetumodù ló bu kóró rẹ̀ fún wa. Èso rẹ̀ gùn, ó sì funfun ju ti ìyókù lọ. Ìyẹ̀fun rẹ̀ ló korò jù, òun náà ló sì ń mú ṣúgà ara àwọn eku tí a fi ń dán an wò wálẹ̀ jù. Eku ni mo wí o, kí ẹnikẹ́ni má lọ da oògùn dókítà rẹ̀ nù nítorí mi. Bàbá náà ti kú, wọ́n sì ti kọ́lé sórí oko rẹ̀. Tútù la ká èso ọdún tó ṣáájú láti fi ṣe ìyẹ̀fun, kóró wọn kò sì gbó; ìwọ̀nba kóró tó ṣẹ́ kù la gbìn lọ́dún náà, kò ku ẹyọ kan. Bí nọ́ńbà keje bá parun lórí wáyà yẹn, ó parun náà nìyẹn.

Ta wá ló pa á run? Èmi ni. Àlejò ń bọ̀ wá wo oko. Mo sọ fún Ìyá Rònkẹ́, olórí àwọn obìnrin tó ń bá wa roko, pé, "Ìyá, ẹ bá wa jẹ́ kí ọgbà yẹn mọ́ tónítóní o." Koríko ìsàlẹ̀ ni mo ní lọ́kàn. N kò mú wọn débẹ̀, n kò fìka tọ́ka sí nǹkan kan. Mo ní ta ni kò mọ ejìnrìn? Ohun tó sì kó bá wa gan-an nìyẹn. Ta lẹ máa ní kó tún ọgbà ṣe ní Ifẹ̀ tí kò ní kọ́kọ́ hú ejìnrìn?

Ọ̀jọ̀gbọ́n dé, ó wo wáyà náà, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú síkẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ rẹ̀.

"Nọ́ńbà keje ńkọ́?"

Mo na ọwọ́ sí páànù tó ń mì. Òpin ọdún yẹn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n máa fẹ̀yìn tì. Ojú tì mí dé ibi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

Òkèrèwè la gbà lọ, nílé Ìyá Rònkẹ́, bóyá a ṣì lè rí kóró rẹ̀ níbẹ̀. Inú rẹ̀ dùn láti rí wa. "Ẹ káàbọ̀ o! Iṣẹ́ àná ńkọ́, ṣé ó wù yín?"

Mo ṣàlàyé. Ìyá ká ọwọ́ lérí. "Ẹ̀yin lẹ gbìn ín? Ejìnrìn? Yéè! Mo ti ba iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹ́!"

Ó ti fún omi ewé ejìnrìn náà, ó ti fi wẹ ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó sì ti pín ìyókù fún ará ilé. Ó kó èso tó kù jáde nínú agbọ̀n. Ọ̀jọ̀gbọ́n la èyí tó funfun. Kóró inú rẹ̀ rọ̀, omi lásán ni; kò tíì gbó, kò lè hù.

Ìyá Rònkẹ́ wo èso náà, ó wojú mi. "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Nígbà tá a wá bá yín ṣẹ́ àgbàdo lọ́dún tó kọjá, mo rí irú rẹ̀ kan tó pọ́n, tó là, lára ọgbà yín. Mo mú un wálé láìsọ fún yín. Mo lá pupa inú rẹ̀, mo tu kóró rẹ̀ sẹ́yìn balùwẹ̀."

A ò dúró gbọ́ èyí tó kù. Lẹ́yìn balùwẹ̀, lára páànù tó ti dógùn-ún, ejìnrìn fà lọ bí ẹni tó ni ilé. Èso gígùn, funfun. Mẹ́ta ti là, pupa inú wọn hàn síta. Mo kígbe. Ọ̀jọ̀gbọ́n tí kì í pariwo kígbe jù mí lọ.

"Ṣé ẹ ò ní fọlọ́pàá mú mi?" Ìyá Rònkẹ́ bi wá.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ balùwẹ̀ náà. "Ìyá mi, ẹ ṣeun."

A ò tíì yọ̀ tán o, nítorí oyin lè ti gbé àtíkè òdòdó ejìnrìn mìíràn wá sórí rẹ̀, kó má sì jẹ́ nọ́ńbà keje gan-an mọ́. A tún un gbìn, a fi aṣọ bo òdòdó rẹ̀ kí oyin má baà débẹ̀, a fọwọ́ ara wa fi àtíkè rẹ̀ kàn án, a sá a síbòòji, a gún un. Nígbà tí mo tọ́ ọ wò, omijé bọ́ lójú mi. Ìkorò rẹ̀ pé.

Ní báyìí, òṣìṣẹ́ tuntun kì í fọwọ́ kan koríko lóko wa àfi tí mo bá fìka tọ́ka sí i. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n kó tó lọ, ó ṣí ìwé irúgbìn wa síbi nọ́ńbà keje, níbi tá a ti ń kọ ibi tí irúgbìn ti wá. Lábẹ́ "Ìpetumodù", ó kọ ọ́ gàdàgbà: "Ẹ̀yìn balùwẹ̀ Ìyá Rònkẹ́, Òkèrèwè."